Ìka Tí Mo Kó Lọ Sórí Ìtàgé

Ẹni tí kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún kì í sọ pé òun ti fẹ̀yìn tì. Mo mọ̀. Bí mo bá sọ ọ́ ní ilé búrẹ́dì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí ní Ìlaró, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi mí rín. "Bàbá arúgbó, wọ́n ti san owó ìfẹ̀yìntì yín?" Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tíátà tí mo ṣe fún ọdún méje, mo ti ṣe é tán. Mi ò ní í gun orí ìtàgé mọ́ títí màá fi kú. Bí ìyẹn kì í bá ṣe ìfẹ̀yìntì, ẹ bá mi fún un lórúkọ mìíràn.

Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ ọ́ ni pé láàárín oṣù méjì, ọ̀dọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti wá bá mi nídìí ààrò pé àwọn fẹ́ di òṣèré, kí n sọ bó ṣe rí fún àwọn. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń to gbólóhùn kó dùn. Ohun tí ojú mi rí ni màá sọ. Mo kọ́ iṣẹ́ náà, mo mọ̀ ọ́n ṣe, òun náà ni mo sì fi ṣe ìyá kan tó tọ́jú mi ní jàǹbá. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ kà á tán kí ẹ tó di ẹrù yín.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ náà kò gùn. Ọmọ ogún ọdún ni mí. Ọ̀gá Láṣebìkan kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣeré ní Ìlaró, mo wò ó, orí mi dàrú. Lọ́jọ́ kejì mọ́tò wọn kọ̀, kò ṣiṣẹ́, mo bá wọn tì í. Nígbà tó ṣiṣẹ́, mo bẹ́ sínú rẹ̀. Ní ti owó, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ebi kò pa wá kú.

Ọ̀gá ga, ó gbẹ bí igi àgbàdo, ojú ọ̀tún rẹ̀ kì í ríran dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ṣe lórí ìtàgé tí ojú òsì yẹn kò rí. Oṣù mẹ́jọ àkọ́kọ́, mi ò la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ kan níwájú èrò. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fún àtùpà gáàsì ní afẹ́fẹ́, kí n máa so aṣọ ìkélé, kí n sì máa mú ìrìn wálé.

"Ìrìn wo, Ọ̀gá?" Bí mo ṣe bi í nìyẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Ìrìn ènìyàn. Lọ jókòó síbi tí mọ́tò ti ń já èrò. Kí o tó jẹun ọ̀sán, mú ìrìn ẹnì kan wá fún mi."

Mo mú ìrìn bàbá arúgbó kan wá. Ẹ̀yìn mi tẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, orúnkún mi ń lu ara wọn. Gbogbo ẹgbẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Kàmọ́rù, tó máa ń ṣe aláwàdà nínú eré wa, yí nílẹ̀. Ọ̀gá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Kí ló ń ṣe ọ́? Ṣé ibà ni?"

"Arúgbó ni mo ń ṣe, sà."

"Ta ló sọ fún ọ pé arúgbó ń gbọ̀n? Arúgbó ń sa gbogbo agbára rẹ̀ kí ó má baà gbọ̀n ni. Ìyẹn ni kí o ṣe. Ọ̀mùtí kì í fẹ́ ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ó ń wá bí òun ṣe máa rìn tààrà. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹkún ló ń lé e, òun ń sá. Sísá yẹn ni èrò san owó wá wò."

Ó bu omi kún abọ́ dé etí, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Máa rìn. Bó bá kán sílẹ̀, wàá lọ pọn òmíràn." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé abọ́ yẹn kiri. Pàṣán tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lọ́wọ́ Ọ̀gá tí kì í fi í na ẹ̀yìn, ojúgun ló fi ń nà. Á ní, "Ẹsẹ̀ rẹ parọ́." Á tún nà án. "Ẹnu lè parọ́ kí wọ́n má mọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá parọ́, ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá á rí i." Mo sunkún, mo fẹ́ sá lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo rìn kọjá láàárín ìtàgé tí omi kò kán, Ọ̀gá ju pàṣán náà sẹ́yìn àpótí, ó ní, "Ó ti wọlé sí ọ lára." Mi ò mọ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yẹn.

Òfin kan wà tó fi lé mi lọ́wọ́, òun ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Ó ní ọ̀tọ̀ ni kí a ṣe ènìyàn, ọ̀tọ̀ ni kí a sín ènìyàn jẹ.

"Ráímì, mú ẹsẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan, mú ọwọ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, mú ojú lọ́dọ̀ ẹnì kẹta. Má kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbì kan. Lẹ́yìn náà, pò ó mọ́ tìrẹ. Pò ó títí ẹni tó ni ín fi máa jókòó síwájú rẹ, tí á máa wò ọ́, tí kò ní í mọ̀ pé tòun ni. Bí o kò bá pò ó, o kò ṣe é, o sín in jẹ ni. Ṣé o gbọ́ ohun tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn? Jẹ. Ẹni tí o bá sín jẹ, o ti jẹ nǹkan lára rẹ̀."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Nínú mi, mo ń rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, ọmọdé nìkan ló ń sunkún pé wọ́n sín òun jẹ.

Lọ́dún kẹta ni irinṣẹ́ yí padà. Àtùpà gáàsì lọ, jẹnẹrétọ̀ dé. Ọ̀gá ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn méjì, a so wọ́n kọ́ sókè láàárín ìtàgé. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun gbọ́dọ̀ wá dúró sábẹ́ wọn. Ẹsẹ̀ tí mo jìyà kọ́ di aláìníṣẹ́. Kàmọ́rù ní, "Ráímì, wọ́n ti so ọ́ mọ́lẹ̀ bí àgbò Iléyá." Òótọ́ ni. Ní àsìkò yẹn mò ń ṣe bàbá kan tí ọmọ rẹ̀ rìnrìn àjò tí kò padà, orí àpótí lábẹ́ ẹ̀rọ ni mo sì ń jókòó sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọwọ́ nìkan ló kù mí kù. Iná jẹnẹrétọ̀ sì mọ́lẹ̀ débi pé èrò lè rí èékánná rẹ. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọwọ́ kiri bí ẹni ń wá oògùn.

Ilé Màmá Wúrà ni mo ti rí i.

Ìgbàkigbà tí a bá dé Ayétòrò, ilé ìyá yìí la ń wọ̀ sí. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ilé náà tóbi, ó máa ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé. Ó ní ariwo wa ń lé ìdákẹ́jẹ́ jáde nínú ilé òun. Èmi ló fẹ́ràn jù nínú ẹgbẹ́. "Ọmọ mi tí kò sanra" ló ń pè mí, ó sì máa ń fi ẹja kún ọbẹ̀ mi. Lọ́dún kan, ibà dá mi dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ẹgbẹ́ fi mí sílẹ̀ lọ sí Ọjà-Ọ̀dàn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Màmá fi ń fi aṣọ tútù nu mí lára, tó ń fi ẹ̀kọ gbígbóná bọ́ mi bí ọmọ ọwọ́.

Orí ẹní ní ìloro ni mo dùbúlẹ̀ sí, ibẹ̀ ni mo ti ń rí i. Lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, Màmá á jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Á na ọwọ́ òsì rẹ̀ sórí itan. Bí ọmọ rẹ̀ kan bá wọlé láti oko tàbí láti ibi iṣẹ́, á ká ìka kan. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìka kékeré, ó ń bọ̀. Á fo ìka ìfábẹ̀lá, á ká àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá nìkan á wá nà sókè. Á wò ó díẹ̀. Kò ní í sunkún, kò ní í mí kanlẹ̀. Á fi ọwọ́ ọ̀tún bo ìka yẹn, á rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí itan bí ìgbà tí a ń sọ ọmọ tó ti sùn kalẹ̀ láti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà á dìde, á lọ bu oúnjẹ.

Mo bi Jọkẹ́, àbíkẹ́yìn rẹ̀, pé kí ni Màmá ń fi ọwọ́ ṣe.

"Bọ̀dá Ráímì, ẹ má bi í o." Ó wo ẹ̀yìn kó tó máa sọ̀rọ̀ lọ. "Àwa ni. Ẹ ṣáà mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Màmá pàápàá kì í fi ẹnu kà wá, ọwọ́ ló fi ń mọ ẹni tó ti wọlé. Bọ̀dá Làmídì ló ni ìka tí kì í ká yẹn. Wọ́n lọ ṣiṣẹ́ ní Pòbẹ̀, ní ilẹ̀ àwọn Faransé. Wọ́n ti sin wọ́n níbẹ̀ kí ìròyìn tó dé. Màmá kò rí òkú."

Àánú ṣe mí. Èmi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: bí àánú ti ń ṣe mí lọ́wọ́, abẹ́ ìbora ni ọwọ́ òsì tèmi wà, tó ń ká ìka.

Ìdogo ni mo ti kọ́kọ́ ṣe é. Mo jókòó bí Màmá ṣe ń jókòó, mo tẹ orí bí ó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, mo ká ìka bí ó ṣe ń ká a. Mi ò pò ó mọ́ ohunkóhun. Gbọ̀ngàn náà pa lọ́lọ́. Nígbà tí mo sọ ìka náà kalẹ̀, bàbá kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Ó tó o, Bàbá! Ó tó!" Ẹkún ni ọkùnrin náà ń sun. Mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Lẹ́yìn eré, Ọ̀gá pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Níbo lo ti rí ọwọ́ yẹn?"

"Mo rò ó ni, Ọ̀gá."

Ojú òsì rẹ̀ kò ṣẹ́. "Ènìyàn kì í fi orí ro irú ọwọ́ yẹn. Ṣé o ti pò ó?"

"Mo ti pò ó, sà."

Irọ́ méjì níbì kan náà. Ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bó bá mọ bẹ́ẹ̀, bóyá ǹ bá má kọ ìwé yìí. Ọwọ́dé ló bà á jẹ́. A ṣeré níbẹ̀, mo na ìka sókè, ọ̀mùtí kan sì pariwo láti ìdí ògiri pé, "Bàbá, ìka ń pè yín!" Èrò rẹ́rìn-ín. Dípò kí n jẹ́ kó kọjá, mo la ojú sí ìka náà bí ẹni tó gbọ́ ìpè. Ẹ̀rín pọ̀ sí i. Mo gbé e sétí. Ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Ẹkún ń dákẹ́ ni, ẹ̀yin ará, ẹ̀rín ní í pariwo, òṣèré tó jẹ́ ọmọdé a sì máa tẹ̀ lé ariwo. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ibi tí a bá dé ni mo ti ń la ojú sí ìka, tí mò ń gbé e sétí, tí mò ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, tí Kàmọ́rù sì ń ké pé, "Bàbá, ìka ń pè yín!" Mo sì kọ́ bí a ṣe ń dúró díẹ̀ kí ẹ̀rín lè ráyè jáde. Mi ò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ọmọ mọ́. Jíjù ni mò ń jù ú.

Ọjọ́ kejì Iléyá la dé Ayétòrò. Ọ̀sán la ṣeré náà, ní gbọ̀ngàn ilé ìwé, gbogbo fèrèsé ṣí sílẹ̀, ojú ń rí ojú. Láti ihò aṣọ ìkélé, mo rí Màmá Wúrà níwájú pátápátá, ìborùn funfun lórí rẹ̀, Jọkẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kàmọ́rù fi ìgúnpá gún mi. "Màmá ẹ ti dé o. Fi hàn wọ́n pé ẹja inú ọbẹ̀ yẹn kò ṣòfò."

Àyè wà fún mi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò sí. Mo lè fi ọwọ́ bo ojú, mo lè fi di igbá àyà, kò sí ẹni tó máa béèrè. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ibi tí ẹ̀rín wà. Mo sì sọ fún ara mi pé Màmá kò ní í mọ̀, pé ta ló ń wo ọwọ́ ara rẹ̀?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìka. Ìka kékeré. Ìkejì. Mo gbé ojú sókè, mo sì rí i pé ọwọ́ òsì Màmá ti wà lórí itan rẹ̀, ó ń bá mi ká a. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Ẹkún ọmọ tí mò ń sun lórí ìtàgé ti gbé e, ọwọ́ sì ti gba ibi tó mọ̀ lọ. Ìka tirẹ̀ nà, ìka tèmi nà. Mo la ojú sí tèmi, mo gbé e sétí.

Obìnrin kan pariwo, "Yéè! Màmá Wúrà mà nìyẹn!"

Gbogbo ilé yíjú síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ kedere, ìka kan sókè. Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Màmá wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gbé e sí i nítan. Ó fà á sábẹ́ ìborùn. Ó dìde, ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ ògiri jáde bí ẹni tí kò fẹ́ dí àwọn ará ẹ̀yìn lójú. Jọkẹ́ tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì kò wò mí.

Èmi ńkọ́? Mo dúró kí ẹ̀rín tán. Mo wá ń bá eré lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi nígbà tó parí.

Ọ̀gá kò fọwọ́ kan pàṣán. "O parọ́ fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bọ́ aṣọ yẹn, ká lọ."

Nígbà tí a délé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Màmá. Ọ̀gá náà tẹríba, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé ọmọ òun ni, ẹ̀bi òun ni. Màmá ní, "Dìde, Ráímì, ilẹ̀ ń tutù. Ẹ ti jẹun?" Ó bu oúnjẹ fún wa. Kò bú mi, kò ṣépè. Ẹja wà nínú ọbẹ̀ mi bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi ṣe gbogbo rẹ̀, òsì kò jáde lábẹ́ ìborùn. Nígbà tí oòrùn sì rọlẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, inú ilé ló jókòó sí.

Ọ̀gá kò lé mi. Èmi ni mi ò lè ṣe é mọ́. Bí wọ́n bá gbé ipa kan fún mi, ara mi á béèrè pé ti ta ni. Lóṣù kejì mo sọ̀ kalẹ̀ ní Ìlaró pẹ̀lú àpò mi. Kàmọ́rù ní, "Nítorí ìka kan?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ilé búrẹ́dì ló gbà mí, ìyẹ̀fun ni mò ń pò láti àárọ̀. Ohun tí mi ò ṣe nígbà tó yẹ, òun ni mò ń fi gbogbo ọjọ́ ṣe báyìí.

Lọ́jọ́ kan Jọkẹ́ wá sí Ìlaró, ó yà ra búrẹ́dì, ó bá mi níbẹ̀. Ó kí mi, ojú rẹ̀ le. Ó ní àwọn ọmọ àdúgbò ti sọ ọ́ di eré, pé bí Màmá bá ń kọjá, wọ́n á na ìka, wọ́n á ní, "Ìka ń pè yín!" Ó ní, "Màmá kì í jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́, Bọ̀dá Ráímì. Ẹ wá bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀bẹ̀ ọjọ́ yẹn nìkan kò tó. Ẹ wá."

Ọyẹ́ tó kọjá yìí ni mo lọ, lọ́sàn-án, búrẹ́dì méjì lọ́wọ́ mi. Màmá wà nídìí agbada gàrí lẹ́yìnkùlé, èéfín ń bò ó. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Mo ti dárí jì ọ́ láti ọjọ́ náà," ó ní. "Kì í ṣe ìyẹn ni mo fẹ́. Ráímì, ṣe é kí n wò."

"Kí ni, Mà?"

"Ọwọ́ yẹn. Bí mo bá gbé e báyìí, ẹ̀rín ni mò ń gbọ́. Mi ò rántí bó ṣe ń lọ mọ́. Ojú Làmídì kì í wá síbẹ̀ mọ́. Mi ò sin ín, mi ò rí sàréè rẹ̀, ibẹ̀ nìkan la ti ń pàdé. Ìwọ lo mú un lọ, ìwọ nìkan ló kù sí lọ́wọ́. Ṣe é fún mi bó ṣe rí tẹ́lẹ̀."

Mo jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Mo nu ìyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìyẹ̀fun níbẹ̀. Mo na ọwọ́ òsì sórí itan. Mo rántí ìloro, mo rántí ibà, mo rántí aṣọ tútù lórí àyà mi. Màmá sún mọ́ mi, ojú rẹ̀ wà lára ọwọ́ mi bí ẹni tó ń wo ọ̀nà. Mo ká ìka kékeré. Mo ká ìkejì, mo ká ìkẹta. Mo fo ìka ìfábẹ̀lá, mo ká àtàǹpàkò. Ìka náà nà sókè. Mi ò la ojú sí i. Mi ò gbé e sétí. Mo mú gbogbo ìyẹn kúrò.

Ṣùgbọ́n kí n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọwọ́ mi dúró. Mi ò rán an. Ó dúró díẹ̀, níbi tó ti máa ń dúró, kí ẹ̀rín lè ráyè jáde.

Màmá gbé ojú kúrò lára ọwọ́ mi.

"Kì í ṣe òun," ó ní. Ó tún aṣọ rẹ̀ ró, ó sì padà sídìí gàrí rẹ̀ kí ó má baà jóná.